Wáyà Tó Ní Orí

Àmì kan wà lára wáyà náà, dúdú, roboto, kò tóbi ju kóró ata lọ. Abẹ́rẹ́ gbé dígí sójú, ó tún un wò. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó pa Tíṣà Bákan-náà ló wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ìfun rẹ̀ sì wà níta gbangba.

"Ọ̀gá iná tí a pè ti yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá," Kọ́púrà wí. "Ó ní wáyà kan já, ó fara kan àpótí irin yìí, àpótí di iná. Tíṣà gbọ́wọ́ lé e, iná gbé e. Àmì yẹn, ibi tí iná ti ta ni. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe inú ilé, ibi tó máa ń já sí náà nìyẹn."

"Níbo ni wáyà ti kan àpótí?"

"Ìdí ibí."

"Àmì ńkọ́?"

Kọ́púrà wò ó. Àmì wà ní ìdí kejì, lẹ́bàá súwíìṣì.

"Ta ló wá gbé iná láti ibẹ̀ débí? Ṣé ó wọ kẹ̀kẹ́ ni?"

Kọ́púrà họ orí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i, ọmọ dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá bá sọ fún un ló máa ń rí. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kì í rí ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un. Irun rẹ̀ dúdú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ti funfun báyìí. Kò sanra, kò pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti gún, àfi kó yọ lódìkejì. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni Tíṣà kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n ti lọ mú Ìyá Aránṣọ, opó tó ń rán aṣọ níwájú ilé tó sì ń fọwọ́ ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè lẹ́yìnkùlé. Òun ló ṣe ẹ̀rọ náà fún Tíṣà, òun ló tún un ṣe, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà fún un láàárọ̀ àná. Wọ́n tún gbọ́ ọ tó ń halẹ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn ti sọ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, kóòtù ló ń lọ, ẹ̀wọ̀n ni yóò sì ti máa dúró de ìdájọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, wà lórí bẹ́ńṣì níta pẹ̀lú oyún tó ti tó bíbí. Wọ́n ní kó lọ sílé. Ó ní kò sí ilé tí òun ń lọ láìsí ìyá òun, pé òun ò ní bí ọmọ yìí bí ọmọ aláìníyàá.

Abẹ́rẹ́ kọjá lára ọmọbìnrin náà nígbà tó ń lọ sí àhámọ́. Kò lè wò ó lójú.

*

"Ẹ sọ fún Tíṣà pé bó bá tún fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún un," Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Mo sọ ọ́." Ìyá Aránṣọ jókòó gbọnrangandan, ó ká ọwọ́ lé orúnkún. "Iná wà níbẹ̀. Tọ́mọ yín bá ń nawọ́ sí ìkòkò tó ń hó, ṣé ẹ ó máa kí i kú iṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ní ẹ̀ ń bá a jà lórí wáyà."

"Gbogbo wa la máa ń jà lórí wáyà. Ẹgbẹ́ àwa tá à ń fọwọ́ ṣe ẹ̀rọ, kí la tún fẹ́ máa jà lé lórí? Tíṣà ní bákan náà ni gbogbo wáyà, pé kódà wáyà aago ẹnu ọ̀nà á ṣe é. Ibi tórúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Àwàdà ló máa ń fi ṣe, kí n lè bínú. Èmi náà á sì bínú, torí pé ó máa ń dùn mọ́ ọn."

"Ẹ sọ fún mi. Báwo lẹ ṣe ń yan wáyà tó ń lọ sínú ẹ̀rọ?"

Ojú obìnrin náà yí padà, bí ẹni tí wọ́n béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀.

"Eléyọ kan ni mo máa ń lò, kì í ṣe oníwẹ́wẹ́ bí irun, torí ibi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí, ibẹ̀ ló máa wà. Èyí tó ń gbé iná máa nípọn, èyí tó ń gbé ohùn máa tín-ín-rín, mi ò sì jẹ́ jẹ́ kí wọ́n sùn tira wọn. Bí wọ́n bá sùn tira wọn, ẹ̀rọ á máa kùn bí agbo oyin. Màá wá fi òwú tí mo fi ìda pa so ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí mo ṣe ń rán ìṣẹ́tí aṣọ. Nínú púlọ́ọ̀gì, wáyà ilẹ̀, èyí tó láwọ̀ ewé, tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, òun ni mo máa ń jẹ́ kó gùn jù. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lára okùn iná, àwọn yòókù á ti já, òun á ṣì wà. Ọkọ mi ló kọ́ mi. Ó ní wáyà ilẹ̀ ni ìyá wọn, ìyá kì í sì kọ́kọ́ sá."

Abẹ́rẹ́ fa wáyà tó ní àmì náà jáde látinú àpò ike tó kó o sí. Aṣọ funfun ló bò ó. "Tiyín nìyí?"

"Rárá. Mi ò ní wáyà aláṣọ."

"Àmì yìí ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ yẹ̀ ẹ́ wò. "Èmi kì í jó wáyà mi. Kí ni mo fẹ́ fi àpá ṣe?"

"Wọ́n gé wáyà ilẹ̀ nínú púlọ́ọ̀gì. Púláyà ló gé e, ojú ibẹ̀ ń dán."

Omi kún ojú Ìyá Aránṣọ. Láti ìrọ̀lẹ́ àná tí wọ́n ti mú un, kò tíì sunkún. "Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́," ló wí. "Ó mọ̀ pé bí ìyẹn bá wà níbẹ̀, Tíṣà ò ní kú."

Abẹ́rẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọ̀gá Tẹ́ṣàn lọ. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́.

"Màmá, ta ni kò ní sọ pé tòun kọ́? Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan gidi kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ mú un wá. Tẹ́ ò bá rí, àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ."

*

Ilé ìtajà kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ta wáyà aláṣọ ní gbogbo àgbègbè náà. Bí Olówáyà tó ni ibẹ̀ ṣe fojú kan aṣọ Kọ́púrà lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló gbà. Ì bá sì ti lọ bí kò ṣe pé ìṣó mú ṣòkòtò rẹ̀ nídìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a, ìdajì rẹ̀ nínú ilé, ìdajì lóde.

"Àwa ò tíì kí ẹ o," Kọ́púrà wí, "o ti ń dágbére."

Wọ́n fà á wọlé. Kọ́púrà ti ń yọ ìdè ọwọ́ jáde, inú rẹ̀ ń dùn. Ọkùnrin tó sá, tó sì ń ta irú wáyà tó pa èèyàn, kí ló tún kù? Ó sì tún ní ìjà pẹ̀lú Tíṣà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Tíṣà fi abẹ fá ara wáyà tí Olówáyà ń pè ní fàdákà, lójú gbogbo ẹgbẹ́, tí bàbà pupa sì yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Nítorí wáyà fàdákà yẹn ni mo ṣe sá," Olówáyà jẹ́wọ́, ó di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Màá dá owó oníkálukú padà."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," Abẹ́rẹ́ wí. "Wáyà aláṣọ ni mo bá wá. Ta lo tà á fún?"

"Tíṣà fúnra rẹ̀."

Kọ́púrà rọra ti ìdè ọwọ́ padà sápò, Olówáyà sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Àárọ̀ àná ni. Èmi àti ẹ̀ ti parí ìjà, ẹni tó bú èèyàn náà ló ń ra ọjà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdì rẹ̀ ni, òun ló kọ́kọ́ rà níbẹ̀. Ó ní ti ìdánwò òní ni."

"Ìdánwò wo?"

"Ti Agbọ́tán." Olówáyà rẹ́rìn-ín, ó rántí òkú, ó pa ẹ̀rín mọ́ra. "Ẹ ò mọ Agbọ́tán? Atúnrédíòṣe ni. Ó ní wáyà ní orí, ó ní ìdí, bí ọ̀pá ìrèké. Bí èèyàn bá fi í sódì, ó ní ohùn á máa jáde bí ẹni ń rìn sẹ́yìn. Etí òun nìkan ló sì lè gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń gbé rédíò wá bá a láti ọ̀nà jíjìn. Tíṣà wá ní òun máa ta kọ́tìnì. Wọ́n á fi wáyà sínú ẹ̀rọ síwájú, wọ́n á fi sí i sẹ́yìn, kí Agbọ́tán jókòó lódìkejì kó máa sọ èyí tó jẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló pè. Ọ̀sán àná ló jáde lọ yá àwọn bẹ́ńṣì tí wọ́n máa jókòó lé."

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́ nígbà tó jáde?"

"Tíṣà kì í ti ilẹ̀kùn. Kí ni wọ́n fẹ́ jí, ìwé?"

"Nígbà tó ra wáyà yìí, ṣé àmì dúdú kankan wà lára rẹ̀?"

"Funfun báláú. Lójú rẹ̀ ni mo ṣe gé e."

Níta, Kọ́púrà ní ọ̀rọ̀ ti yé òun wàyí. "Tíṣà ló fi wáyà tuntun sí i fúnra rẹ̀, ó ṣe é wúruwùru, ó pa ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ìyá yẹn sílẹ̀."

"Ẹni tó fẹ́ dán wáyà wò, kí ló dé tó gé wáyà ilẹ̀? Ẹni tó sì ní bákan náà ni gbogbo wáyà, kí ló fẹ́ fi àmì ṣe lórí..."

Abẹ́rẹ́ dúró láàárín ọ̀nà. Alùpùpù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, ó fọn fèrè fún un, kò gbọ́. Orí. Ẹnì kan ti wá orí wáyà náà, ó sì ti fi àmì sí i.

*

Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ á ṣe bí ọ̀bọ. Abẹ́rẹ́ wé gèlè, ó so báàgì àgbà kọ́ apá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Agbọ́tán bí ìyá àgbà tó ní rédíò àtijọ́ nílé. Wáyà aláṣọ mẹ́ta ló mú dání, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n lọ́wọ́ Olówáyà.

Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tónítóní. Agbọ́tán tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, ó fa àga fún un kó tó béèrè ohun tó wá ṣe.

"Rédíò bàbá mi ló ń kùn," Abẹ́rẹ́ wí. "Ó wúwo, mo ní kí n kọ́kọ́ mú wáyà wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń mọ orí rẹ̀."

Ọkùnrin náà wo wáyà náà pẹ́ díẹ̀. Ó wo ojú Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sétí, ó di ojú. Ó fi èékánná ta á. Ó yí i padà, ó tún fi èékánná ta ìdí kejì. "Ibí ni orí rẹ̀ wà," ló wí jẹ́jẹ́. Irin sọ́dà tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mọ́ wáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti gbóná, ó fi ẹnu rẹ̀ kan aṣọ wáyà náà. Èéfín tín-ín-rín kan gòkè. Nígbà tó gbé irin náà kúrò, àmì kan wà níbẹ̀, dúdú, roboto, kò tóbi ju kóró ata lọ.

Abẹ́rẹ́ na ìka sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyẹn wà fún?"

"Kí àwọn mìíràn má bàa fi í sódì. Èmi ò nílò rẹ̀. Orí wáyà tí mo bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbọ́ ọ títí ayé." Ó ṣe méjì yòókù.

"Wọ́n ní ọ̀rẹ́ yín kan kú lánàá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Tíṣà? Ó dùn mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti dé ilé rẹ̀ kẹ́yìn." Ó nu ẹnu irin sọ́dà. "Obìnrin yẹn kì í ṣọ́ra. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́."

*

"Ẹ jẹ́ ká lọ mú un," Kọ́púrà wí.

"Ká ní kí ni? Pé a rí àmì? Á ní Tíṣà ló gbé wáyà wá bá òun kóun bá a wá orí rẹ̀. Òkú kò lè jiyàn. Àmì yẹn gbé wa dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kò lè ṣí i."

"Kí ló máa wá ṣí i?"

Abẹ́rẹ́ ronú. Kí ni ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù tó fi pa èèyàn? Kì í ṣe Tíṣà. Ìdánwò yẹn ni. Ó mú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lọ sí àhámọ́, ó nawọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú funfun sí Ìyá Aránṣọ.

"Ẹ fi òwú gún ojú kan ṣoṣo sínú aṣọ wáyà kọ̀ọ̀kan, ní apá ibi tí àmì dúdú wà, kí ẹnikẹ́ni má lè rí i àfi ẹni tó bá mọ ibi tó wà."

Obìnrin náà gba abẹ́rẹ́, ó fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ pa á, kò rí nǹkan kan. Ó gé orí tó ní àmì dúdú sọnù, ó fi ojú òwú sílẹ̀, ó sì gé ìdí kejì bákan náà kí wọ́n lè dọ́gba.

"Ọmọ mi ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

Kọ́púrà ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì ti yí. "Ó ti ń di ìbàdí mú, Mọ́mì. A ní kó jẹ́ ká gbé e lọ ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní àfi tẹ́ ẹ bá jáde."

Ìyá Aránṣọ di irin àhámọ́ mú.

*

Agbọ́tán ṣì wà nídìí tábìlì. Abẹ́rẹ́ gbé rédíò bàbá rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ wáyà mẹ́ta síwájú rẹ̀. "Ti àbúrò mi nìyí, ó ní kẹ́ ẹ bá òun náà wá orí rẹ̀."

Agbọ́tán gbé wọn sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná ta wọ́n, ó yí wọn padà. Èéfín gòkè, èéfín gòkè, èéfín gòkè. Abẹ́rẹ́ ń wò ó. Bó bá ṣe pé lóòótọ́ ni etí ọkùnrin yìí gbọ́ ọ ńkọ́? Ọwọ́ òfo ni yóò mú padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń rọbí yẹn.

Abẹ́rẹ́ mú ọ̀kan, ó fi èékánná wá ojú òwú. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló mí.

"Agbọ́tán, ọlọ́pàá ni mí."

Abẹ́rẹ́ to wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀.

"Àwọn wáyà tó o gbọ́ láàárọ̀ nìyí, kì í ṣe ti àbúrò mi. Mo gé àmì rẹ kúrò, ṣùgbọ́n a ti rán òwú sí ibi tó o pè ní orí. Wò ó. Ọ̀kan ṣoṣo ló bára mu. Nínú méjì yòókù, ìdí lo pè ní orí lọ́sàn-án yìí. Ìdánwò tí Tíṣà fẹ́ ṣe fún ọ lónìí nìyẹn. O ti ṣe é."

Agbọ́tán já àwọn wáyà náà gbà. Ó gbé ọ̀kan sétí, ó ta á, ó ta á. Ó yí i padà. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó mú èkejì. Ó rí ojú òwú náà, ó fi ìka pa á bí ẹni ń pa egbò.

"Òwú ló bà á jẹ́," ló wí. "Ẹ ti fi òwú gún un, ìyẹn ló da ohùn rẹ̀ rú. Etí mi kì í ṣìnà."

"Etí rẹ ò gbọ́ nǹkan kan, Agbọ́tán. Tíṣà ló tọ̀nà. Bákan náà ni."

"Kò rí bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ohùn rẹ̀ tó tutù kò tutù mọ́. "Ti Tíṣà yẹn, tí ẹnì kankan ò gún, orí rẹ̀ dá mi lójú ṣáká. Ọ̀dọ̀ súwíìṣì ni mo kọ orí rẹ̀ sí, bó ṣe yẹ..."

Kọ́púrà ti wọlé, ó dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé wáyà kan wà lẹ́bàá súwíìṣì," Abẹ́rẹ́ wí. "O sì ní o ti pẹ́ tó o ti dé ibẹ̀."

Agbọ́tán rọra padà jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Orí tábìlì ni mo bá wáyà náà nígbà tó jáde lọ yá bẹ́ńṣì. Gbogbo èèyàn ló máa wá wò mí lẹ́yìn kọ́tìnì, Màmá. Láti ọmọdé ni wọ́n ti ń sọ pé mo létí. Kí ló máa kù fún mi?"

"Wáyà tí o fẹ́ fi pa èèyàn ni. Kí ló kàn ọ́ bí orí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn igbó.

"Màmá," ló wí, "mi ò lè fi wáyà sódì."

*

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́. Ìyá Aránṣọ kò dúró gba bàtà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì yẹn síbẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi eyín di ètè mú. Nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó sunkún. "Mo ti dé," ìyá ń wí, "mo ti dé, mo ti dé," ó gbé apá ọmọ kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn.

Abẹ́rẹ́ dúró títí ọkọ̀ fi ṣẹ́ kọ́nà. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí tábìlì, ó ṣí púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ Tíṣà, ó mú wáyà aláwọ̀ ewé tí wọ́n gé, ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ó sì fi í wé àwọn yòókù. Òun ló gùn jù nínú wọn, bí obìnrin náà ṣe wí.